Ìṣirò Tí A Fi Ń Tọpa Àrùn Ibà

Ní Ọ̀fà, ní Ìpínlẹ̀ Kwara, bí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa ni ẹ̀fọn ń pọ̀ sí i, tí àwọn aláìsàn ibà sì ń wọ́ lọ sí ilé ìwòsàn. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé oògùn àti àwọ̀n ẹ̀fọn ni a fi ń gbógun ti ibà. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ìṣirò wà lára ohun ìjà náà.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìpìlẹ̀ rẹ̀: ènìyàn mélòó ni aláìsàn kan lè kó àrùn ràn? Bí ó bá jẹ́ 2, àwọn 2 yóò ran 4, 4 yóò ran 8. Nígbà tí yóò bá fi di ìgbà kẹwàá, àwọn tuntun yóò ti di 1,024. Ṣùgbọ́n bí iye náà bá wálẹ̀ ju 1 lọ, àrùn náà yóò máa kásẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ronald Ross, oníṣègùn ará Bìrìtìkó tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1902 nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí ibà, ló kọ́kọ́ fi ìṣirò hàn pé kò di dandan kí a pa gbogbo ẹ̀fọn tán kí ibà tó lọ. Kí wọ́n ṣáà ti dín kù dé ìwọ̀n kan.

Láàárín 1969 sí 1976, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti ìjọba Nàìjíríà dán ọ̀rọ̀ yìí wò ní Garki, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Kano nígbà náà, tó sì wà ní Jigawa báyìí. Wọ́n ka ẹ̀fọn, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ará abúlé wò léraléra, wọ́n fín oògùn sára ògiri, wọ́n sì pín oògùn ibà. Ní 1974, Dietz, Molineaux àti Thomas gbé ìṣirò kan jáde láti inú àkọsílẹ̀ ibẹ̀. Ibà dín kù gan-an, ṣùgbọ́n kò tán, nítorí ẹ̀fọn ibẹ̀ pọ̀ púpọ̀, àwọn kan kì í sì í bà sára ògiri. Nígbà tí iṣẹ́ náà dáwọ́ dúró, ibà padà wá.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kan Ọ̀fà pẹ̀lú. Ìṣirò kò lè dára ju àkọsílẹ̀ tí a gbé e lé lọ. Aláìsàn tó lo àgbo tàbí oògùn kẹ́mísìtì láìṣe àyẹ̀wò kò sí nínú ìwé kankan. Ẹni tí a kò kà, a kò lè ṣètò fún un.