Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips

Charles Phillips jẹ́ àlùfáà Ìjọ Áńgílíkà tí ó ṣiṣẹ́ ìyìn rere ní Oǹdó láti ọdún 1877. Ó wà lára àwọn ọmọ Yorùbá àkọ́kọ́ tí ó di bíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn Samuel Àjàyí Crowther.

Iṣẹ́ rẹ̀ ní Oǹdó
Ìjọ CMS ni ó rán Phillips lọ sí Òde-Oǹdó, ìlú tí ìjà abẹ́lé ti tú ká tẹ́lẹ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà sílé láti nǹkan bí ọdún 1872. Nígbà tí ogun sé ọ̀nà Ìjẹ̀bú àti ti Ẹ̀gbá, ọ̀nà tí ó gba inú igbó láti etí ọ̀sà dé Oǹdó ni àwọn oníṣòwò ń tọ̀ lọ sí òkè. Ọ̀rẹ̀ àti Odìgbó wà nínú ẹkùn igbó yìí lónìí. Phillips wàásù, ó kọ́ni ní ìwé, ó sì tako fífi ènìyàn rúbọ níbi ìsìnkú àwọn ìjòyè. Iṣẹ́ náà gba sùúrù púpọ̀.

Ìlàjà Ogun Kírìjì
Ní ọdún 1886, Gómìnà Moloney ti Èkó fi iṣẹ́ ìlàjà rán Phillips àti àlùfáà Samuel Johnson. Johnson lọ bá Aláàfin àti Ìbàdàn. Phillips lọ bá Èkìtìparapọ̀ àti Ifẹ̀. Àwọn ọba àti olórí ogun fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, a sì kéde àlàáfíà ní ibùdó ogun ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ Modákẹ́kẹ́ kò yanjú, ọdún 1893 sì ni àwọn ọmọ ogun tó tú ká pátápátá.

Oyè bíṣọ́ọ̀bù
Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1893, a fi Phillips àti Isaac Olúwọlé jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Lọ́ńdọ̀nù. Igbákejì ni a fi wọ́n ṣe lábẹ́ bíṣọ́ọ̀bù aláwọ̀ funfun. Èyí dun ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ tí wọ́n fẹ́ kí ọmọ ilẹ̀ yìí gba ipò Crowther. Phillips tẹ́wọ́ gba iṣẹ́ náà, ó sì wà lórí rẹ̀ títí ó fi kú ní ọdún 1906.

Ogún tí ó fi sílẹ̀
Ọmọ rẹ̀, Thomas Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips, di gbajúmọ̀ olùtẹ dùùrù ní Kàtídírà Èkó. Ní ọdún 1952, a dá Dáyósíìsì Oǹdó àti Benin sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tí Phillips àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ro.