Bí ẹ ṣe lè lo EAC lórí Linux láti da ohùn inú CD àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà

Ọ̀pọ̀ ilé ló ṣì ní páálí CD lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì: orin tí wọ́n rà lọ́jà, ìwàásù, ètò rédíò tí ẹnì kan gbà sílẹ̀, tàbí ohùn bàbá tó ti sùn. CD orin ti wà lọ́jà láti 1982. Ṣùgbọ́n CD-R, ìyẹn èyí tí àwọn èèyàn ń kọ fúnra wọn, kì í pẹ́ bàjẹ́ bí oòrùn àti ooru bá ń pa á. Èròjà aláwọ̀ tó wà nínú rẹ̀ ló máa ń ṣá. Bó bá ti ṣá, ohùn tó wà níbẹ̀ lọ nìyẹn.

Ní October 14, 2025, Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn dúró fún Windows 10. Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò lè gbé Windows 11 lè fi Linux rọ́pò rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣé Exact Audio Copy, tí wọ́n ń pè ní EAC, á wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣeé ṣe. Àmọ́ pé ó ṣí lójú kọ̀ǹpútà kì í ṣe ẹ̀rí pé ohun tó dà kọ pé.

Kí ni EAC ń ṣe?

Andre Wiethoff, ará Jámánì, ló ṣe ètò yìí fún Windows. Ìṣẹ́jú-àáyá kan ohùn lórí CD pín sí ọ̀nà 75. Bí ara CD bá ti họ, ọ̀pọ̀ ètò míì á kàn fi àbá dí àlàfo náà, wọn ò sì ní sọ fún yín. EAC ní tiẹ̀ máa ń ka ibì kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀mejì. Bí méjèèjì ò bá dọ́gba, á tún un kà ní ìgbà 16, títí á fi rí 8 tó bára mu. Bí kò bá rí i, á sọ ibi tí ìṣòro wà.

Wine ni ògbufọ̀

Èdè Windows ni EAC ń sọ, Linux ò sì gbọ́ ọ. Wine, tí iṣẹ́ lórí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1993, ló ń ṣe ògbufọ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Bí ẹ bá ń lo Debian, Ubuntu tàbí Linux Mint, ẹ ṣí Terminal, kí ẹ tẹ àwọn àṣẹ yìí lọ́kọ̀ọ̀kan:

sudo dpkg --add-architecture i386
sudo apt update
sudo apt install wine wine32:i386

Ètò 32-bit ni EAC, ìdí nìyẹn tí wine32 fi ṣe pàtàkì. Lẹ́yìn náà, ẹ gba àṣẹ láti lo dráìfù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ka CD:

sudo usermod -aG cdrom $USER

Ẹ jáde kúrò lórí kọ̀ǹpútà náà pátápátá, kí ẹ tún wọlé. Bí ẹ ò bá ṣe èyí, àṣẹ náà ò ní ràn.

Ẹ fi Wine ṣí fáìlì EAC tí ẹ wà jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Níbi tó ti ń béèrè ohun tí ẹ fẹ́, ẹ yọ àmì kúrò níwájú CUETools, torí .NET nìyẹn nílò, ó sì lè dá wàhálà sílẹ̀. Bí EAC bá ṣí tí kò rí dráìfù, ẹ tẹ èyí:

ln -s /dev/sr0 ~/.wine/dosdevices/d::

Ẹ má gbàgbé àmì oníhò méjì-méjì tó wà lẹ́yìn d o. Bí kò bá tíì rí i, ẹ lọ sí EAC Options, lábẹ́ Interface, kí ẹ mú Native Win32.

Ẹ̀rí tó dájú

Nínú Drive Options, ẹ mú Secure mode. Lẹ́yìn náà, Test & Copy ni kí ẹ lò, kì í ṣe Copy lásán. EAC á ka orin náà lẹ́ẹ̀mejì, á sì fún yín ní Test CRC àti Copy CRC. Bí àmì méjèèjì bá rí bákan náà, ọkàn yín lè balẹ̀. Bí wọ́n bá yàtọ̀, ẹ fi aṣọ tó mọ́ tó sì rọ̀ nu CD náà láti àárín lọ sí etí, kí ẹ tún un ṣe.

Fún CD tí wọ́n tà lọ́jà, AccurateRip lè fi tiyín wé ti àwọn ẹlòmíì tó ní irú rẹ̀. Èyí tí ẹ gbà sílẹ̀ nílé ò sí níbẹ̀, torí náà Test & Copy nìkan lẹ máa gbọ́kàn lé.

Bí Wine bá kọ̀ ńkọ́?

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Cdparanoia jẹ́ ti Linux fúnra rẹ̀, kò nílò ògbufọ̀. Ẹ ṣí fódà méjì. Nínú ìkínní, ẹ tẹ:

cdparanoia -B

Ẹ yọ CD náà, ẹ dá a padà, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìkejì. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ èyí nínú fódà kọ̀ọ̀kan:

sha256sum *.wav

Bí nọ́ńbà wọn bá bára mu, ó ti pé nìyẹn.

Ìṣẹ́jú kan máa ń gba nǹkan bíi 10 MB. FLAC lè dín in kù láì yọ ohunkóhun nínú ohùn náà. MP3 máa ń yọ díẹ̀ dànù. Ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ síbi méjì, ó kéré tán.

Ẹ má fi orin tó gbajúmọ̀ bẹ̀rẹ̀. Èyí tí wọ́n rà lọ́jà, ẹlòmíì ṣì lè ní i. CD tí ohùn ìyá yín wà lórí rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú jáde nínú páálí náà, torí kò sí ibòmíì tí ẹ ti lè rí i.