Ògbufọ̀ Inú Kóró: Ìtàn Àtúnṣe Driver Nínú Linux, 1991 sí 2022

Ìfáárà

Bí ènìyàn bá tẹ lẹ́tà kan lórí kíbọọ̀dù, tí lẹ́tà náà sì hàn lójú kọ̀ǹpútà, ó máa ń dà bí ẹni pé nǹkan kan ṣoṣo ló ṣẹlẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kíbọọ̀dù kò gbọ́ èdè ètò ìkọ̀wé, ètò ìkọ̀wé kò sì gbọ́ èdè kíbọọ̀dù. Láàrin àwọn méjèèjì ni ètò kékeré kan wà tó mọ ohun tí ẹ̀rọ ń wí, tó sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún ètò ìṣàkóso kọ̀ǹpútà. Driver ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Bí a bá sọ ọ́ di awakọ̀ ní Yorùbá, a ó ṣi ènìyàn lọ́nà, nítorí pé kò wa ohunkóhun. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ló ń ṣe, ògbufọ̀ ni a ó sì máa pè é nínú àpilẹ̀kọ yìí. Kernel, tí í ṣe àárín gbùngbùn ètò ìṣàkóso, ni a ó máa pè ní kóró.

Ọ̀pọ̀ ìtàn tí a ń kà nípa Linux dá lórí ẹni tó dá a sílẹ̀ àti bí ó ṣe tàn káàkiri ayé. Ìtàn àtúnṣe kì í sábà rí àyè níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ògbufọ̀ ló gba èyí tó ju ìdajì lọ nínú kóòdù kóró náà. Ìbéèrè wa ni èyí: báwo ni apá tí àṣìṣe pọ̀ sí jù lọ nínú Linux ní 2001 ṣe di apá tó sàn ju àwọn mìíràn lọ kí ọdún mẹ́wàá tó pé? Èrò wa ni pé kì í ṣe nítorí pé àwọn tó gbọ́n ju ti àtẹ̀yìnwá ló dé. Ibùgbé ògbufọ̀ ló yí padà. A mú un wọlé, a la ìwé rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, a sì sọ ọ́ di òfin pé ẹni tó bá yí ilé padà ni yóò tún ògbufọ̀ inú rẹ̀ ṣe.

Bébà Tó Há

Ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀ kí Linux tó wà. Ní nǹkan bí 1980, ilé-iṣẹ́ Xerox fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ta yàrá ìwádìí ọgbọ́n àtọwọ́dá ti MIT, ní Amẹ́ríkà, lọ́rẹ. Ẹ̀rọ náà yára, ṣùgbọ́n bébà a máa há sínú rẹ̀. Richard Stallman, tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ti tún ètò ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ wọn ṣe, débi pé bí bébà bá há, ètò náà yóò ránṣẹ́ sí àwọn tó ń retí ìwé wọn. Ó fẹ́ ṣe irú rẹ̀ fún tuntun yìí, ṣùgbọ́n kóòdù tí ènìyàn lè kà kò bá ẹ̀rọ náà wá. Ó tọ olùṣèwádìí kan lọ ní Carnegie Mellon tí kóòdù náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni yẹn kọ̀, nítorí pé ó ti tọwọ́ bọ̀wé pé òun kò ní fún ẹlòmíràn.

Ohun kékeré ni bébà tó há. Ohun tó mú kí ọ̀ràn náà wọ ìtàn ni pé ẹni tó lè tún ètò náà ṣe wà, ó wà nítòsí, ó sì fẹ́ ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n a ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ní 1983, Stallman kéde iṣẹ́ GNU, láti kọ ètò ìṣàkóso tí ẹnikẹ́ni lè kà, kí ó sì tún ṣe. Ní 1989, ìwé àṣẹ ìlò tí a mọ̀ sí GPL jáde láti inú iṣẹ́ náà. Ìwé àṣẹ yìí yóò padà di òpó kan pàtàkì nínú ìtàn ògbufọ̀.

Ilé Kan, Àjà Kan

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1991, Linus Torvalds, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Helsinki, kéde pé òun ń kọ ètò ìṣàkóso kan fún kọ̀ǹpútà 386. Ó sọ nínú ìkéde náà pé ó ṣeé ṣe kí ètò yìí má gba hard disk mìíràn láé yàtọ̀ sí irú AT, nítorí pé irú èyí nìkan lòun ní. Ògbufọ̀ tó kọ́kọ́ wà nínú Linux, fún ẹ̀rọ tó wà lórí tábìlì ọkùnrin kan ṣoṣo ni wọ́n. Ní 1992, ó gbé Linux sábẹ́ GPL. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ní ẹ̀rọ mìíràn lè kọ ògbufọ̀ tirẹ̀ kí ó sì mú un wá.

Ní ọdún 1992 yìí kan náà ni Andrew Tanenbaum, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Amsterdam, bá Torvalds jiyàn. Kò fara mọ́ ọn pé kí gbogbo iṣẹ́ wà nínú kóró kan ṣoṣo. Nínú irú ilé tí òun fẹ́, ògbufọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò wà nínú yàrá tirẹ̀ lóde kóró, kí ó lè jẹ́ pé bí ọ̀kan bá ṣubú, àwọn yòókù yóò ṣì dúró. Nínú ilé tí Torvalds kọ́, abẹ́ àjà kan náà ni gbogbo wọn wà. Ìyẹn yára, ó sì rọrùn láti kọ, ṣùgbọ́n ògbufọ̀ tó bá ṣìnà nínú mẹ́mọ́rì lè wó gbogbo ilé lulẹ̀. Tanenbaum kò fi iyàn náà mọ sí ẹnu. MINIX 3, tó jáde ní 2005, kó àwọn ògbufọ̀ kúrò nínú kóró.

Ìṣirò Àkọ́kọ́

Ní 2001, Andy Chou àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Stanford fi ẹ̀rọ yẹ kóòdù Linux wò láti ẹ̀dà 1.0 títí dé 2.4.1. Wọ́n rí i pé ìwọ̀n àwọn irú àṣìṣe kan nínú àwọn ògbufọ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta sí méje ti àwọn apá yòókù. Linux nìkan kọ́ ni àrùn yìí ń bá jà. Ní 2003, Michael Swift, Brian Bershad àti Henry Levy kọ ọ́ pé ògbufọ̀ ló fa ìdá márùn-dín-láàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìdákúrò Windows XP tí a ròyìn.

Kò ṣòro láti mọ ìdí rẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń lo Linux ló ń lo àárín kóró, nítorí náà àṣìṣe ibẹ̀ kì í pẹ́ kí ó tó hàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní káàdì kan pàtó nìkan ló ń dán ògbufọ̀ káàdì náà wò. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó kọ ògbufọ̀ gbọ́ èdè ẹ̀rọ dáadáa ṣùgbọ́n kò mọ òfin kóró. Bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, ó mọ òfin kóró ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní èdè ẹ̀rọ. Ògbufọ̀ tó gbọ́ èdè kan, tó ń méfò èkejì, kò ní ṣàìṣi ọ̀rọ̀ túmọ̀.

Ẹ̀rọ Tí A Kò Fún Ní Ìwé

Wi-Fi ti ilé-iṣẹ́ Broadcom ni àpẹẹrẹ tó hàn jù lọ. Ẹ̀rọ náà wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ náà kò gbé ìwé tó ṣàlàyé èdè rẹ̀ jáde fún àwọn òṣìṣẹ́ Linux. Àwọn kan tí kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni wá pín ara wọn sí ọ̀nà méjì. Ẹgbẹ́ kìíní tú ògbufọ̀ tí ilé-iṣẹ́ náà ti ṣe palẹ̀, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sínú ìwé àlàyé. Ẹgbẹ́ kejì kò wo ògbufọ̀ àtijọ́ náà rárá. Inú ìwé àlàyé nìkan ni wọ́n ti kọ tuntun. Nítorí òfin ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ nǹkan ni wọ́n ṣe fi ògiri sí àárín, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọ́n jí kóòdù kọ. Iṣẹ́ wọn wọ ẹ̀dà 2.6.17 ní 2006.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2010, Broadcom fúnra rẹ̀ gbé ògbufọ̀ kan jáde ní gbangba fún àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ tuntun. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ tó ti wà lọ́wọ́ ènìyàn tẹ́lẹ̀ ṣì ń gbọ́kàn lé iṣẹ́ àwọn tó fi èdè náà kọ́ ara wọn.

Ẹni Tó Yí Ilé Padà

Linux kò ṣèlérí pé ọ̀nà tí ògbufọ̀ fi ń bá kóró sọ̀rọ̀ yóò dúró bákan náà títí. Greg Kroah-Hartman kọ àlàyé kan tó wà nínú kóró náà fúnra rẹ̀ láti fi ìdí rẹ̀ hàn. Bí ọ̀nà àtijọ́ bá ní àléébù, a ó yí i padà, ẹni tó bá sì yí i padà ni yóò tún gbogbo ògbufọ̀ tó wà nínú ilé ṣe. Ògbufọ̀ tó wà lóde kò ní ẹni tí yóò bá a tún un ṣe.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀dà 2.6.19, ní 2006, fi bí ẹrù yìí ṣe wúwo tó hàn. Nígbà tí ẹ̀rọ bá fẹ́ pe àkíyèsí kóró, iṣẹ́ kan nínú ògbufọ̀ ló ń dáhùn. Tẹ́lẹ̀, ohun mẹ́ta ni kóró máa ń fi lé iṣẹ́ náà lọ́wọ́. A wá yọ ìkẹta kúrò. Àyípadà yìí kéré lórí ìwé, ṣùgbọ́n ọgọ́rọ̀ọ̀rún fáìlì ni a ní láti fọwọ́ kàn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Láti mú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rọrùn ni Yoann Padioleau, Julia Lawall, René Rydhof Hansen àti Gilles Muller, ní Faransé àti Denmark, ṣe ṣe irinṣẹ́ Coccinelle, tí wọ́n gbé ìwádìí rẹ̀ jáde ní 2008. Pẹ̀lú rẹ̀, òṣìṣẹ́ á kọ àyípadà náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo gẹ́gẹ́ bí òfin, irinṣẹ́ náà á sì wá gbogbo ibi tó bá a mu, á tún wọn ṣe. Kòkòrò kékeré kan tó máa ń jẹ àwọn kòkòrò mìíràn ni orúkọ rẹ̀ ń tọ́ka sí ní èdè Faransé.

Ní ọdún 2008 kan náà ni a ṣí yàrá kan nínú Linux tí a pè ní staging. Ibẹ̀ ni a ń gba ògbufọ̀ tí kò tíì dára tó sí, kí gbogbo ènìyàn lè máa tún un ṣe lójú ara wọn. Lójú àwa, ìgbésẹ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé ó yí ìlànà àtijọ́ po. Dípò kí a ní kí ògbufọ̀ dára kí ó tó wọlé, a ní kí ó wọlé kí ó lè dára.

Káàdì Tó Kú Ní 2008

Bí a ṣe ń palẹ̀ ẹ̀dà 2.6.27 mọ́ ní 2008, àwọn tó ń dán an wò rí ohun tó bani lẹ́rù. Káàdì nẹ́tíwọọ̀kì Intel tó wà nínú kọ̀ǹpútà wọn dákẹ́. Kì í ṣe ìdákẹ́ tí a fi ń pa kọ̀ǹpútà tàn. Ohun tí a kọ sínú mẹ́mọ́rì káàdì náà fúnra rẹ̀, tí kì í parẹ́ bí iná bá lọ, ti bàjẹ́. Ètò ìṣàkóso mìíràn kò lè lò ó mọ́. Ètò tí a lè pa rẹ́ ti ṣe ọṣẹ́ fún ohun èlò tí a fi owó rà.

e1000e, ògbufọ̀ káàdì náà, ni gbogbo ojú kọ́kọ́ wò. Àwọn òṣìṣẹ́ Intel yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, wọ́n sì fi ìdènà sí i kí kíkọ sínú mẹ́mọ́rì káàdì má baà rọrùn mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹlòmíràn ló jẹ̀bi. Irinṣẹ́ ìtọpinpin kan tó ń jẹ́ ftrace máa ń kọ àdírẹ́sì àwọn iṣẹ́ inú kóró sílẹ̀, kí ó lè padà lọ yí ohun kan níbẹ̀ padà. Díẹ̀ nínú àwọn àdírẹ́sì náà jẹ́ ti kóòdù tí a ti lò tán, tí a sì ti kó kúrò. Àyè tó ṣófo yẹn ni a wá fún mẹ́mọ́rì káàdì Intel. Nígbà tí ftrace padà dé, ó wò ó bóyá ohun tó fi sílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣẹ tó fi ń wò ó jẹ́ irú èyí tó máa ń kọ nǹkan síbẹ̀, kódà bí ohun tó bá níbẹ̀ kì í ṣe èyí tó ń retí. Ó dà bí àlejò tó padà sí yàrá tó ti lò rí, láìmọ̀ pé ẹlòmíràn ti ń gbé ibẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá, a gbé 2.6.27.1 jáde láti pa apá ftrace náà. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́, Tanenbaum kò jayò pa: nínú ilé alájà kan, ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa káàdì lè pa káàdì. Èkejì, nítorí pé kóòdù ògbufọ̀ àti ti ftrace wà ní gbangba nínú ilé kan náà, ó ṣeé ṣe láti tọ ipasẹ̀ ẹ̀bi kọjá ẹni tí a kọ́kọ́ fura sí. Ká ní àṣírí ni ògbufọ̀ náà ni, ó lè jẹ́ pé orí rẹ̀ ni ẹ̀bi ì bá wà di òní.

Ìṣirò Kejì

Ní 2011, Nicolas Palix, Lawall, Muller àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tún ìwádìí ti 2001 ṣe lórí ẹ̀dà 2.6.0 sí 2.6.33. Linux ti tóbi ju ìlọ́po méjì lọ láàrin ìgbà náà, ṣùgbọ́n iye àṣìṣe lórí ìlà kọ̀ọ̀kan ti dínkù. Ọ̀dọ̀ àwọn ògbufọ̀ ni àṣìṣe ṣì pọ̀ sí jù ní iye, nítorí pé àwọn ló gba àyè jù. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n àṣìṣe wọn ti wá kéré sí ti apá tó ń bójú tó fáìlì àti ti apá tó ń bójú tó oríṣi kọ̀ǹpútà. Ilé náà ṣì jẹ́ alájà kan. Àwọn ògbufọ̀ inú rẹ̀ ló ti sàn sí i.

Iṣẹ́ náà kò parí. Nvidia pa kóòdù ògbufọ̀ tirẹ̀ mọ́ títí di oṣù karùn-ún ọdún 2022, nígbà tó gbé apá tó ń wọ kóró jáde fún àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ tuntun. Ní oṣù kejìlá ọdún yẹn, ẹ̀dà 6.1 gba èdè Rust wọlé, kí àwọn ògbufọ̀ ọjọ́ iwájú lè bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú àṣìṣe mẹ́mọ́rì tí èdè C ń gbà láàyè.

Ìkádìí

Ẹni tó ra kọ̀ǹpútà tuntun lè má ka ọ̀rọ̀ yìí sí, nítorí pé olùṣe ẹ̀rọ rẹ̀ ṣì ń tọ́jú ògbufọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ra tòkunbọ̀ ní Ìkẹjà ni ọ̀rọ̀ kàn gbọ̀ngbọ̀n. Ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè ṣì pé, kí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti gbàgbé rẹ̀. Bí kóòdù ògbufọ̀ bá wà lábẹ́ àṣírí, ọjọ́ tí olùṣe bá ṣíwọ́ ìtọ́jú ni ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí kú. Bí ó bá wà nínú ilé, ẹni tí kò fojú kan ẹ̀rọ náà rí lè máa tún un ṣe bí ilé ti ń yí padà, níwọ̀n ìgbà tí àwọn tó ń lò ó bá ṣì ń jẹ́ kí a gbọ́ ohùn wọn.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà ògbufọ̀ fi dára ju awakọ̀ lọ nínú èdè-ìperí wa. Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ ni pé kí ó gbé wa dé ibi tí à ń lọ. Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ògbufọ̀ ni òtítọ́, ẹni tó bá sì lè gbọ́ èdè méjèèjì nìkan ló lè mọ̀ bóyá ó sọ ọ́. Ọgbọ̀n ọdún tí a yẹ̀ wò níhìn-ín jẹ́ ìtàn bí àwọn tó gbọ́ èdè méjèèjì ṣe ń pọ̀ sí i, àti bí wọ́n ṣe gba àṣẹ láti sọ pé ògbufọ̀ ṣì í.