Ère Reims àti Gbèsè Ọpẹ́

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, àwọn baba wa a máa wí pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò nípa àjèjì tí ó fi ẹ̀mí rẹ̀ gbèjà ìlú onílùú. Irú ọpẹ́ wo ni ó tọ́ sí i? Ǹjẹ́ ère nìkan tó bí?

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1914, ọmọ ogun Faransé kò tó. Wọ́n yíjú sí àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì kó ọkùnrin tí ó lé ní 150,000 níbẹ̀. Nǹkan bí 30,000 nínú wọn ni kò padà wálé mọ́. Tirailleurs Sénégalais ni a ń pè wọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe Sẹ̀nẹ̀gà nìkan ni wọ́n ti wá. Àwọn ọmọ Dahomey, tí à ń pè ní Benin lónìí, wà nínú wọn. Àwọn kan yọ̀ǹda ara wọn. Ọ̀pọ̀ ni a fi ipá mú.

Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa ní Ìwòyè. Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fohùn sí ní ọdún 1889 ti pín ilẹ̀ Kétu sí méjì: ìlú Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, àwa bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n ń mú ọmọkùnrin lọ sógun, ọ̀pọ̀ ènìyàn sá kọjá ààlà wá sọ́dọ̀ àwọn ìbátan wọn ní ìhà tiwa.

Àwọn tí wọn kò rí ibi sá sí ni ogun gbé lọ. Ní ọdún 1918, Jámánì fi gbogbo agbára dojú kọ ìlú Reims ní ilẹ̀ Faransé. Àwọn ọmọ ogun dúdú wà lára àwọn tí kò jẹ́ kí ìlú náà bọ́. Nítorí náà, ní oṣù Keje ọdún 1924, a ṣí ère idẹ kan níbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ Paul Moreau-Vauthier, tí ó fi àwọn ọmọ ogun dúdú hàn níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ àsíá Faransé. Èkejì rẹ̀ wà ní Bamako ní ilẹ̀ Mali.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 1940 Jámánì ṣẹ́gun Faransé. Inú wọn kò dùn sí i pé a bu ọlá fún ènìyàn dúdú. Wọ́n tú ère náà, wọ́n sì kó o lọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018, olórí ilẹ̀ Faransé àti olórí ilẹ̀ Mali jọ ṣí òmíràn tí ó jọ ọ́ ní Reims.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ère kì í bọ́ opó, kì í sì í bọ́ ọmọ òrukàn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1944, ní Thiaroye lẹ́bàá Dakar, àwọn ọmọ ogun dúdú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìgbèkùn Jámánì dé bèèrè owó iṣẹ́ wọn. Ìbọn ni ọmọ ogun Faransé fi dá wọn lóhùn. Òfin ọdún 1959 sì dá owó ìfẹ̀yìntì irú wọn dúró sójú kan, nígbà tí ti àwọn Faransé ń lọ sókè. Ọdún 2010 ni ìgbìmọ̀ tí ń ṣọ́ òfin ilẹ̀ náà tó dájọ́ pé irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ kò tọ́. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ni gbèsè náà ti wà nínú sàréè.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá dàgbà tí ẹ di alágbára, ẹ má ṣe rò pé ẹ ti san oore tán nígbà tí ẹ bá ti yin ẹni tí ó ṣe é lójú gbogbo ayé. Ẹ kọ́kọ́ fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì là. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbẹ́ ère rẹ̀. Oore pẹ́, aṣiwèrè gbàgbé.