Ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀sìn àti ìjọba ní Nàìjíríà

Abala 10 nínú òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 kò gba ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀ láyè láti sọ ẹ̀sìn kankan di ẹ̀sìn ìjọba. Abala 38 fún oníkálukú ní òmìnira ẹ̀sìn. Àríyànjiyàn wà lórí ìtumọ̀ Abala 10: àwọn kan ní kí ìjọba yọwọ́ pátápátá nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, àwọn mìíràn ní kí ó má ṣe ojúsàájú ti tó. Òfin kan náà fàyè gba ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn Ṣàríà, ìjọba sì ní àwọn àjọ tó ń bójú tó ìrìn-àjò sí Mẹ́kà àti Jerúsálẹ́mù.

Awuyewuye gbóná ní 1986, nígbà tí ìjọba Ibrahim Babangida mú Nàìjíríà wọ àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí, àti ní 1999, nígbà tí ìpínlẹ̀ Zamfara kéde òfin Ṣàríà. Ìpínlẹ̀ 11 mìíràn ní Àríwá tẹ̀ lé e. Nílẹ̀ Yorùbá, níbi tí Mùsùlùmí àti Kristẹni ti ń jọ gbé agboolé kan, híjáàbù ló di ẹjọ́. Ní oṣù Kẹfà 2022, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Mùsùlùmí lè lò ó nílé ẹ̀kọ́ ìjọba Èkó.