.ai (Àǹgúílà)

.ai ni àmì ìparí àdírẹ́ẹ̀sì íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ lọ́dún 1995 fún Àǹgúílà, erékùṣù kékeré kan ní òkun Kàríbíánì tó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Owó tí ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ ń mú wọlé kò fi bẹ́ẹ̀ jọjú títí ètò ọgbọ́n àtọwọ́dá ChatGPT fi jáde ní ìparí ọdún 2022. Ìgbà náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ ọgbọ́n àtọwọ́dá wá ya bò ó, torí lẹ́tà méjèèjì yìí ni ìkékúrú orúkọ iṣẹ́ wọn lédè Gẹ̀ẹ́sì. x.ai, ti ilé-iṣẹ́ Elon Musk, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àdírẹ́ẹ̀sì bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2023, nǹkan bíi mílíọ̀nù 32 dọ́là Amẹ́ríkà ló tipasẹ̀ rẹ̀ wọlé, ó lé ní ìdá kan nínú márùn-ún owó tó wọlé fún ìjọba Àǹgúílà. Fún ìlú tí èèyàn ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 16,000, owó ńlá ni!