Ta Ló Lè Dógò Ti Ìjọba?

Gbogbo àwa tí a ń gbé ní Festac la mọ ọ̀nà Mile 2 sí Tin Can, ọ̀nà tí tírélà àti táńkà ti sọ di ilé. Bí o bá béèrè ìdí tí wọ́n fi kọ́ èbúté Tin Can, wọ́n á ní torí pé Apapa kò gba ọkọ̀ mọ́ ni. Òótọ́ ni. Ohun tí wọn kì í sábà sọ ni pé símẹ́ńtì ló dí Apapa pa, àti pé ẹjọ́ tó tìdí símẹ́ńtì náà yọ dé London àti New York.

Ẹ jẹ́ ká ti ọjà Agboju bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni òfin àdéhùn ti rọrùn jù lọ. Alátà fi ata lọ̀ ọ́ ní 3,000 náírà. Ìwọ ní, "Ẹ gba 2,000, mà." Lójú òfin, ọ̀rọ̀ rẹ yìí ti pa 3,000 ti tẹ́lẹ̀, ìwọ lo wá ń fi owó lọ̀ wọ́n báyìí. Bí wọ́n bá ní "Ó ya, mówó wá", àdéhùn ti délẹ̀ nìyẹn. Ẹnì kan fi lọ̀, ẹnì kejì gbà. Àwọn agbẹjọ́rò á fi kún un pé kí nǹkan lọ kí nǹkan bọ̀, kí tọ̀tún tòsì sì ní in lọ́kàn pé ọ̀rọ̀ náà de àwọn. Ẹyin lohùn, àwọn àgbà ti sọ ọ́. Àmọ́ bí ẹyin bá fọ́, ta ni yóò fipá gba owó ẹyin?

Láyé àtijọ́, ológò ni. Samuel Johnson kọ nípa wọn nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921. Ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè tí kò rówó gbà á bẹ ológò níṣẹ́. Ológò á lọ jókòó sílé onígbèsè, á máa pariwo, á máa gbé adìẹ tó bá rí, kò ní dìde títí owó á fi jáde. Dógò tì ni wọ́n ń pè é. Àwọn Òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ àwìn náà mọ irú ìjókòó yìí dáadáa o.

Ká wá sí 1975. Owó epo rọ̀bì ń wọlé bí omi, ìjọba ológun Gowon fẹ́ kọ́ bárékè àti ilé, abúlé tó máa gba àlejò FESTAC sì ń dìde níbi tí a ń gbé lónìí. Ìjọba tọwọ́ bọ àdéhùn 109 pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ 68, fún símẹ́ńtì tó lé ní mílíọ̀nù 16 tọ́ọ̀nù. Owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù kan dọ́là. Bẹ́ẹ̀ èbúté Apapa kò lè já ìdá kan nínú mẹ́ta ẹrù yẹn láàárín ọdún kan. Ẹ má rẹ́rìn-ín: ohun tí wọ́n rò ni pé ìdá 20 nínú 100 àwọn olùtajà ló máa lè mú ọjà wá.

Àwọn olùtajà mú un wá. Nígbà tó fi máa di oṣù keje, ọkọ̀ ojú omi tó lé ní 400 ti tò sójú òkun Èkó, nǹkan bí 260 nínú wọn ló gbé símẹ́ńtì, demurrage sì ń gorí ara wọn lójoojúmọ́. Ní July 29, wọ́n gbàjọba lọ́wọ́ Gowon. Nínú oṣù kẹjọ, ìjọba Murtala ránṣẹ́ sí àwọn olùtajà pé kí wọ́n dúró, ó sì ní kí báńkì má kàn sanwó fún wọn mọ́.

Ibi tó ti dun àwọn olùtajà gan-an nìyẹn, torí letter of credit ni wọ́n gbọ́kàn lé. Àwa tí a ń kọ kóòdù mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀: bí ìwé ẹrù bá pé, sanwó, bí kò bá pé, má san. Báńkì kò gbọ́dọ̀ bi oníbàárà bóyá ó ṣì fẹ́ ọjà náà. Wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé kò ṣe é yí padà. Nàìjíríà yí i padà.

Trendtex, ilé-iṣẹ́ kan láti Switzerland, gbé Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà lọ sílé-ẹjọ́ ní London. Símẹ́ńtì 240,000 tọ́ọ̀nù ni, fún kíkọ́ bárékè, lórí letter of credit tó lé ní mílíọ̀nù 14 dọ́là. Èsì báńkì kì í ṣe pé kò sí àdéhùn. Ohun tó sọ ni pé apá kan ìjọba ni òun, ilé-ẹjọ́ orílẹ̀-èdè kan kì í sì í dá ẹjọ́ ìjọba orílẹ̀-èdè mìíràn. Ní 1976, adájọ́ àkọ́kọ́ gbà fún un.

Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn kò gbà. Nínú oṣù kìíní 1977, oṣù kan náà tí FESTAC bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó, Lord Denning àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì dá Trendtex láre. Wọ́n ní báńkì yàtọ̀ sí ìjọba. Denning tiẹ̀ lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ: bí ìjọba bá wọ ọjà láti rajà, oníṣòwò bíi tàwọn yòókù ni. Ohun tó bá fẹ́ fi símẹ́ńtì ṣe, ìbáà jẹ́ bárékè sójà, kò kan ẹni tó tà á. Ilé-ẹjọ́ sì fi àṣẹ tó ti de owó báńkì náà ní London sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìyẹn kì í ṣe dógò ni, àbí kí la fẹ́ pè é?

Èyí tó tẹ̀ lé e ló yà wá lẹ́nu jù. Trendtex fúnra rẹ̀ jẹ Credit Suisse ní gbèsè, bí ẹ̀tọ́ láti gba owó yìí ṣe di ọjà nìyẹn. Ní 1978, ẹnì kan tí wọn kò dárúkọ rà á ní mílíọ̀nù 1.1 dọ́là. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí Nàìjíríà fi san mílíọ̀nù 8 dọ́là láti parí ọ̀rọ̀ náà. Ológò wo ló tún jèrè tó báyìí? Ọdún yẹn náà ni Britain ṣe òfin tó sọ ọ́ kedere pé ìjọba ilẹ̀ òkèèrè kò lè fi ipò ìjọba bojú lórí gbèsè òwò. Ní 1981, ilé-ẹjọ́ ní New York sọ irú rẹ̀ fún àwọn olùtajà símẹ́ńtì mẹ́rin mìíràn.

Lójú tiwa, ẹjọ́ náà tọ́. Ìjọba ló fi lọ̀, ìjọba ló tọwọ́ bọ̀wé. Èyí tí kò tíì yé wa ni tilé. Ká ní ẹnì kan ní Amuwo-Odofin ta àga fún iléeṣẹ́ ìjọba kan, wọn kò sanwó, ó lọ sílé-ẹjọ́, ó jàre. Abala 84 nínú òfin Sheriffs and Civil Process sọ pé kò lè fọwọ́ kan owó tó wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àyàfi tí Attorney-General bá fọwọ́ sí i. Agbẹjọ́rò onígbèsè náà kọ́ nìyẹn? Ní 2017, nínú ẹjọ́ Báńkì Àpapọ̀ àti Interstella, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní kò pọn dandan kéèyàn gba irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ pé Attorney-General fúnra rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ gbèsè náà. Ìdájọ́ yẹn kò yọ àwọn tó kù nínú kíkọ lẹ́tà sí i àti ríretí èsì. Trendtex kò kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni l'Ékòó kó tó de owó ní London.